Orúkọ Ẹnu Kànga

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Làsísì Àlàmú kò fi ẹnu kan omi kànga tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Kì í ṣe pé kànga náà gbẹ, kì í sì í ṣe pé omi rẹ̀ korò. Orúkọ ló fà á.

Nígbà tí òun àti Síkírù àbúrò rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí wọ́n kọ́ yàrá méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́yìn ojú irin ní Agége, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn gbẹ́ kànga kan sáàárín. Làsísì ló wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi wà nínú ihò, tí ó ń fi ọkọ́ kékeré họ ilẹ̀ pupa, tí Síkírù ń fi okùn fa yẹ̀pẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí omi sun, ẹrẹ̀ ti bo Làsísì dé ìpéǹpéjú. Ibà ló bá jáde. Ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí yóò sì fi dìde, Síkírù ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ẹnu kànga, ó ti mú ìṣó, ó ti kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì náà kí ó tó gbẹ: SÍKÍRÙ, 1951.

Làsísì dúró, ó ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ parí, ṣùgbọ́n èyí tí ó kà tó láti fi mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Mo fẹ́ kọ tiyín sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n," ni Síkírù wí. "Sìmẹ́ǹtì ló yára gbẹ."

"Ó yára gbẹ," ni Làsísì wí. Ó wọ yàrá, ó gbé Kùránì jáde, ó sì búra lójú gbogbo ilé pé omi kànga náà kò ní gba ọ̀fun òun kọjá títí òun yóò fi kú.

Àwọn ará ilé kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tí ó di oṣù kẹta tí kò yí ohùn padà, Ìyá Kùdírátù, arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, pè é jókòó. Ó ní, "Làsísì, ìjà kò dọlà, orúkọ ní ń sọ ni."

"Orúkọ náà gan-an ni mò ń wá, Ìyá," ni Làsísì dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbé garawa lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ní àràárọ̀, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó ń kọjá lára kànga bí ẹni pé igi ni. Òun àti Síkírù kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ti ilé Síkírù wá kí i: Sàídátù, ọmọbìnrin Síkírù, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà kò mọ ìjà. Garawa ni ó mọ̀. Bí ó bá ti rí i lókèèrè, á ní, "Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ káàbọ̀," á sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú garawa kí Làsísì tó sọ ọ́ kalẹ̀ tán. Làsísì kì í lé e.

Iṣẹ́ tí Làsísì ń ṣe, ó ṣòro láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ilé. Lórí ìwé, ìgò ló ń fọ̀, ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan tí wọ́n kọ́ sáàárín àwọn ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìkẹjà. Àárọ̀ ni ó máa ń tọ ojú irin lọ, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń tọ̀ ọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìgò fífọ̀, ẹran ọ̀sìn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹran náà kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ojú lásán kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, Adésànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló kọ́kọ́ fi wọ́n hàn án. Ó kán ẹ̀kán omi adágún kan ṣoṣo sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó tì í sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí ó wá wò. Làsísì bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó, ó sì fò sẹ́yìn. Nínú omi tí kò tó omijé, ìlú kan wà. Àwọn ẹ̀dá gígùn-gígùn, tí iwájú wọn rí róbótó tí ẹ̀yìn wọn rí ṣóńṣó, ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń yí bí wọ́n ti ń lọ, bí ọ̀kan bá forí sọ nǹkan, á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún ọ̀nà mìíràn gbà.

"Kí ni wọ́n jọ lójú yín, Bàbá Làsísì?"

"Sálúbàtà," ni Làsísì wí. "Sálúbàtà tí ń rìn tí ẹsẹ̀ kankan kò sí nínú rẹ̀."

Adésànyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàtà náà ni àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ rí i fi wé. Ó wá ṣàlàyé pé odindi ara ẹ̀dá náà kò ju èérún kan lọ. Ara tiwa, àìmọye èérún bẹ́ẹ̀ ló so pọ̀ di í; tirẹ̀, ẹyọ kan náà ló ń jẹun, òun náà ló ń rìn, òun náà ló ń bímọ. Bí ó bá sì fẹ́ bímọ, yóò kàn já sí méjì láàárín ni, ìdajì á lọ sọ́tùn-ún, ìdajì á lọ sósì.

Làsísì ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Èwo wá ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Abájọ tí wọn kì í fi í gbẹ́ kànga," ni Làsísì wí, ó sì gbé ìgò rẹ̀ lọ fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di tirẹ̀. Ó ń se koríko gbígbẹ nínú omi òjò, ó ń jẹ́ kí ó tutù kí ó sì kan fún ọjọ́ méjì, kí ó tó bu díẹ̀ nínú àwọn sálúbàtà sí i. Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ méjì ni wọ́n ń gbé. Bí o bá gbé ìgò náà sókè sí ojú ọjọ́, wàá rí wọn bí eruku funfun tí kò yéé rìn.

Àánú wọn ni ó máa ń ṣe é, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n wà fún. Oògùn kòkó ti pọ̀ lóko ní gbogbo agbègbè Agége, èyí tí wọ́n ń fọ́n sórí kòkó àti obì láti pa kòkòrò. Bí òjò bá rọ̀, a máa ṣàn wọ odò. Iṣẹ́ Adésànyà ni láti mọ ìwọ̀n oògùn tí àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú odò lè fara dà, nítorí àwọn ni ọmọ ẹja ń jẹ. Yóò kán oògùn náà lé wọn lórí ní díẹ̀díẹ̀, yóò máa wo aago, yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Làsísì ti rí bí wọ́n ṣe ń kú. Wọ́n á kọ́kọ́ máa padà sẹ́yìn láìsí ohun tó dí wọn lọ́nà. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú kan bí òkòtó. Lẹ́yìn náà wọ́n á wú, ara wọn á bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun inú wọn á tú sínú omi, kò sì ní sí sálúbàtà níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1957, omi òjò tí wọ́n gbè sínú àgbá tán. Omi ẹ̀rọ kò sì wúlò fún iṣẹ́ náà, nítorí èyí tí ìjọba ń pò mọ́ ọn láti fi fọ̀ ọ́ máa ń pa àwọn sálúbàtà.

"Ṣé kò sí kànga ládùúgbò yín ni?" ni Adésànyà bi í.

 Làsísì rò ó lóru náà, ó sì rí i pé ọ̀fun tòun ni òun fi búra, òun kò fi ọ̀fun sálúbàtà búra. Bí wọ́n ti kí ìrun àsùbáà tán, tí ojú ọjọ́ ṣì dúdú, ó gbé ìgò ńlá kan, ó lọ sídìí kànga. Ojú ń tì í bí olè. Ó fa omi, ó rọ ọ́ sínú ìgò. Omi náà mọ́ lóló, ó sì ń run fírífírí bí ísáàlì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin fún bí ọ̀sẹ̀ kan pé omi kànga àwọn ti dára ju ti ẹ̀rọ lọ, pé tanwíjí kan kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó rò pé àwọn ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún òun lára.

Bí ó ti yíjú padà, Ràbíátù ìyàwó Síkírù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà. Làsísì fi ìgò bọ abẹ́ bùbá. Inú yàrá lẹ́yìn obìnrin náà, ọmọ kan ń ké bí ẹni tí ohùn ti há. Ó fẹ́ bèèrè bí ara Sàídátù ṣe wà. Ẹnu rẹ̀ ti di láti ọdún mẹ́fà, kò sì là lọ́jọ́ náà. Ràbíátù kò kí i, òun náà kò kí Ràbíátù. Ó gba ojú irin lọ.

Ní Ìkẹjà, ó po omi kànga náà mọ́ omi koríko, ó dà á fún ìgò kìíní. Nígbà tí ó máa fi di ọ̀sán, tí ó gbé ìgò náà sókè sí ojú ọjọ́, eruku funfun kankan kò rìn. Gbogbo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí ẹ̀kọ tí kò jinná.

Adésànyà wò ó, ojú rẹ̀ le. "Ọṣẹ ni ẹ fi fọ ìgò yìí, tí ẹ kò ṣàn án dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Làsísì lára. Ó ti fọ ìgò fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò rí ọṣẹ lára ọ̀kan rí.  Ó bu ẹ̀kán kan nínú ìgò kejì, níbi tí wọ́n ti wà láàyè, ó fi í sábẹ́ awò. Wọ́n ń sáré kiri bí wọ́n ti ń ṣe. Ó wá mú omi kànga tó kù nínú ìgò ńlá, ó kán ẹyọ kan sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú sí i.

Wọ́n padà sẹ́yìn. Kò sí ohun tó dí wọn lọ́nà, wọ́n padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ọ̀kan, mẹ́ta, gbogbo wọn, bí òkòtó tí ọmọdé ta. Èyí tó wà láàárín wú, ó bẹ́.

Làsísì kò gbé ojú kúrò.  Ikú tí òun mọ̀ ni, òun ti rí i ju ìgbà ogún lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi oògùn sí omi yìí. Omi kànga lásán ni.

"Ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹ wá wò ó."

Adésànyà wò ó. Ó pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè. "Ta ló po oògùn kòkó mọ́ omi yìí?"

"Omi kànga ni."

"Kànga ta ni?"

"Kànga wa," ni Làsísì wí. Ọdún kẹfà nìyẹn tí ó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Ta ló ń mu ún?"

Ìgbà náà ni ó tó rántí ohùn tó há nínú yàrá. Ó rántí pé láti bí ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní agboolé pé gìrì ń gbé ọmọ Síkírù, pé ara rẹ̀ á kàn gan, ojú rẹ̀ á yí sókè, ọwọ́ rẹ̀ á máa já pàtìpàtì. Ó rántí pé omi ni wọ́n fi ń se àgbo gìrì. 

"Ọmọdé kan wà nílé," ni ó wí. "Gìrì ń gbé e."

"Ẹ sáré lọ," ni Adésànyà wí. "Ẹ má jẹ́ kí ó mu ẹ̀kán kan sí i. Mo fẹ́ tẹ wáyà sí àwọn wolé-wolé kí wọ́n gbé mọ́tò wá, màá fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé yín."

Làsísì sáré lórí igi ojú irin láti Ìkẹjà dé Agége. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni, kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà èwe.

Ó bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Síkírù. Ràbíátù gbé Sàídátù lé ẹsẹ̀, ọmọ náà là ojú sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Síkírù, tí kò lọ sóko lọ́jọ́ náà, jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ lérán. Ìyá Kùdírátù ń rọ àgbo láti inú ìkòkò sínú ife, òórùn ewé tábà àti àlùbọ́sà gba gbogbo ibẹ̀. Ife náà ti dé ẹnu ọmọ nígbà tí Làsísì gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò tẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ó fi ọwọ́ gbá ife náà dànù.

"Ẹ má fún un," ni ó wí, ó ń mí gúlegúle. "Oògùn wà nínú omi kànga yín."

 Ẹnikẹ́ni kò rí i tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì, Làsísì gan-an kò rí i, àfi ìgbà tí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Oògùn?" ni Ràbíátù wí jẹ́jẹ́. Ó fa ọmọ mọ́ àyà. "Mo rí yín ní ìdájí, Bàbá. Ẹ gbé ìgò lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ rí mi, ẹ fi bọ abẹ́ aṣọ."

Síkírù dìde. "Ìgò kí ni?"

"Omi ni mo wá bù," ni Làsísì wí.

"Ẹ̀yin? Ẹ wá bu omi kànga yìí?"

"Mo bù ú lọ fún àwọn sálúbàtà. Gbogbo wọn ló kú."

Ìyá Kùdírátù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Làsísì, sálúbàtà ta ni ó kú?"

"Àwọn tí mo ń sìn ní ibi iṣẹ́, Ìyá. Wọn kì í hàn. Inú omi ni wọ́n ń gbé."

"Wọn kì í hàn," ni Síkírù wí. Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "O ń sin ohun tí kì í hàn nínú omi. O wá sídìí kànga ní ìdájí. O sì ń sọ fún mi lónìí pé oògùn wà nínú omi tí ọmọ mi ń mu." Ó di í lọ́rùn aṣọ mú. "Ọdún mẹ́fà tí o fi kọ omi yìí sílẹ̀, mo rò pé orí kunkun ni. N kò mọ̀ pé o mọ ohun tí o fẹ́ ṣe sí i."

Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí àwọn méjèèjì, Síkírù kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "o" rí. Èyí dun Làsísì ju ọrùn aṣọ lọ.

Àwọn ará àdúgbò ti ń ya wọlé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ọ tán. Síkírù bu omi kànga kún igbá kan, ó gbé e síwájú Làsísì. "Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, mu ún lójú gbogbo èèyàn."

Làsísì wo omi náà. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó rí ìdí igbá. Kì í ṣe ìbúra rẹ̀ ni ó rò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rò ni pé àgbàlagbà ni òun, pé igbá kan kò ní pa òun lójú ẹsẹ̀. Òun á mu ún, òun á dúró gbọnyin, wọ́n á sì ní omi dára. Wọ́n á tún àgbo mìíràn sè. Bí òun kò bá sì mu ún, òun ni ìkà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún fún ọmọ lómi tí ìkà ti fọwọ́ kàn?

"N kò ní mu ún," ni ó wí.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ìwọ lo fi oògùn sí i?" ni Síkírù bi í.

Làsísì rí i tí Ràbíátù fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò àgbo, tí gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó rí i tí Ìyá Kùdírátù ń da omi inú àmù nù. Ó pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ohun rere gbà lọ́jọ́ náà kí wọ́n fi orúkọ òun sínú ohun búburú.

Okùn kànga ni wọ́n fi dè é mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Okùn kan náà ni Làsísì fi gùn jáde nínú ihò ní ọdún 1951. Àwọn kan gbá a létí. Àwọn kan sáré lọ sọ ọ́ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ ojú irin pé ọwọ́ ti tẹ Làsísì tó fi oògùn sí kànga.

Adésànyà gun kẹ̀kẹ́ wọlé, àpótí awò wà ní ìdè lẹ́yìn rẹ̀, ìgò sálúbàtà kejì wà ní agbọ̀n iwájú. Ó wo ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ igi, ó wo èrò. Kò bá wọn jiyàn. Ó béèrè ẹni tó ni ọmọ, wọ́n nawọ́ sí Síkírù. Ó béèrè odó, wọ́n gbé e fún un. Ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé awò lé e lórí níbi tí oòrùn ti ń tàn, ó kán omi láti inú ìgò tirẹ̀ sórí gíláàsì.

"Bàbá ọmọ, ẹ wá fi ojú yín síbí. Ẹ má gbé e kúrò àfi tí mo bá ní kí ẹ gbé e."

Síkírù bẹ̀rẹ̀. "Nǹkan ń rìn," ni ó wí. "Nǹkan ń rìn níbẹ̀. Ó dà bí..."  Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ sálúbàtà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí.

Adésànyà kán ẹ̀kán kan láti inú igbá omi kànga sí i.

Ẹnikẹ́ni kò rí ohun tí Síkírù rí, àfi Làsísì tí ó mọ̀ ọ́n lórí. Láti ìdí igi ìbẹ́pẹ, ó ń wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó sì lè sọ ìgbà tí wọ́n padà sẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, àti ìgbà tí èkíní bẹ́, nítorí pé èjìká Síkírù ta gìrì.

"Oògùn kòkó nìkan ni mo mọ̀ tí ó ń pa wọ́n báyìí," ni Adésànyà wí.

Síkírù kò gbé orí. Ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ sí náà ni ó ti sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá odó sọ ọ́. "Ìdérí mẹ́ta."

"Kí ni ẹ wí?"

"Ìdérí mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Nígbà tí mo rí i pé tanwíjí kò tíì kú tán, mo da ìyókù agolo sí i." Ó gbé ojú sókè wàyí, ojú rẹ̀ pọ́n. Iṣẹ́ oògùn fífọ́n ni iṣẹ́ rẹ̀, lóko kòkó kan lọ́nà Ìjù. "Àwọn wolé-wolé ń fi oògùn sí gọ́tà, tanwíjí ń kú, a kò kú. Mo ní kí omi wa lè mọ́ ni. Ó funfun bíi wàrà, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó mọ́ lóló, ó ń run bí ọsibítù. Ṣebí oògùn ni?"

"Oògùn kòkó ni," ni Adésànyà wí. "Kì í ṣe oògùn èèyàn."

"Oògùn ni wọ́n pè é fún mi," ni Síkírù wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Oògùn ni wọ́n pè é."

Ràbíátù kò sunkún. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìyá Kùdírátù ló lọ tú okùn lọ́wọ́ Làsísì, tí ó ń bú okùn náà pé ó le jù. Síkírù rìn wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ àgbo tó dà sílẹ̀. Làsísì kò yára sọ pé kí ó dìde. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, ó ń ra ọwọ́ rẹ̀ tó kú tipiri. Kí ó tó dá a lóhùn, mọ́tò àwọn wolé-wolé fọn fèrè lójú ọ̀nà, Làsísì sì rékọjá lórí àbúrò rẹ̀, ó gbé Sàídátù, ó sáré bá mọ́tò náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà lò ní ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ kò gan mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó béèrè fún àkàrà. Gbogbo omi tí ó mu níbẹ̀, Làsísì ló ń fi garawa pọn ọ́n láti ìdí ẹ̀rọ, kò sì gbà kí nọ́ọ̀sì kankan bá a pọn ọ́n.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Síkírù kò jáde nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mú òòlù àti ìṣó ńlá, ó jókòó sẹ́nu kànga, ó sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kúrò lára sìmẹ́ǹtì, òun àti 1951, títí ojú ibẹ̀ fi rí jágajàga. Bóyá ìtìjú ni, bóyá ẹ̀rù ìjọba ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí èyí, nígbà tí wolé-wolé dé láti wá fi pákó dí kànga, kò rí orúkọ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ilé sì ṣófo, gbogbo wọn wà ní ọsibítù. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó bi àwọn tó ń kọjá pé kànga ta nìyí. Àwọn wọ̀nyẹn kò fi ojú sí awò. Ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jà ní ọjọ́ kìíní ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n sì sọ fún un. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ sára pákó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Sàídátù sílẹ̀, Làsísì ló fà á lọ́wọ́ wọlé, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró síwájú kànga, ó ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ó ti dúró kà á ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. KÀNGA LÀSÍSÌ. OMI YÌÍ LÓRÓ. Ẹ MÁ ṢE MU ÚN.

Síkírù rí i. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé èmi ni."

Làsísì kò yíjú sí i. Ọ̀dà náà pọ́n, ó tóbi, ará ojú ọ̀nà lè kà á.

Sàídátù fa àtàǹpàkò rẹ̀. "Bàbá Ẹ̀rọ, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ mi."

Ọmọ náà wo kànga, ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ ni?"

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ," ni Làsísì wí.